Lẹ́tà tí Mo Kọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Rẹ Láìsọ fún Ọ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àbígbẹ̀yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń tó ọ, ṣé omi ń yọ dáadáa ní ilé tí ẹ ń gbé, ṣé ọ̀rẹ́ rẹ onígíláàsì tí ẹ jọ ń gbé yàrá ṣì ń hanrun? Bí o bá béèrè wa, a wà, a ò kú, a ò sì sá lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀, kó sì jẹ́ pé o ti jẹun, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Ẹni tí yóò tún ayé rẹ ṣe ni wàá máa bá pàdé. Ẹni tí yóò bà á jẹ́ yóò gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Ohun tí o bá kà kò ní sá kúrò lórí rẹ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ, mo ń dúró dè ọ́. O ti ṣe é? Ó dáa.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orókún rẹ̀ ti ń san, ó ń rìn dé oríta, ó ń rìn bọ̀, ó ní dókítà ló ní kí òun máa ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó sábẹ́ igi sọ̀rọ̀ ìjọba ló ń lọ bá. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa wọ ṣọ́ọ̀bù mi lóṣù tó kọjá, ó jẹ téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé orí mẹ́ta kí n tó já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo bá wọ̀n ni mo ń yọ íǹṣì mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, kò sì sí wàhálà, àfi ọjọ́ kan tí mo gbàgbé, tí ìbàdí ṣòkòtò ọ̀gá ilé-ìwé wá fẹ̀ jù ú lọ. Ó ní kò burú, òun á máa jẹun sí i. Irú oníbàárà báyìí ló yẹ kéèyàn máa dúpẹ́ fún.

Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún fóònù tí o rà ránṣẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, nítorí náà mo dúpẹ́, bàbá rẹ dúpẹ́, fóònù náà gan-an dúpẹ́, torí aṣọ sílíkì ni mo fi ń nù ún. Ohun kan péré ló ń dà mí láàmú nípa rẹ̀. Ó máa ń kọ ọ́ sójú pé ibi ìrántí ti kún, kí n yọ àwọn ohun àtijọ́ tí mi ò nílò mọ́ kúrò. Mo jókòó, mo rò ó dáadáa, mo rí i pé òótọ́ ló sọ, mo bá dárí ji ìyàwó àbúrò bàbá rẹ lórí ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ṣì ń kọ ọ́ pé ó kún. Mi ò mọ ẹni tó kù tí ó fẹ́ kí n dárí jì.

Ó yá, jẹ́ kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó. Mo ti kọ̀wé sí yunifásítì tí o fẹ́ wọ̀, mi ò sì sọ fún ọ. Bàbá rẹ ní kí n fi pamọ́, ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ kì í fi nǹkan pamọ́ fún ara wa, tàbí kí n sọ pé ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Màá tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, má fò kankan kọjá.

Nígbà tí o kọ́kọ́ kọ̀wé pé o fẹ́ ṣe tiránsífà láti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí o wà lọ sí yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn, àyà mi já. Àwọn ọlọ́pàá ni mo mọ̀ tí wọ́n máa ń ṣe tiránsífà fún, ẹni tó bá sì ṣẹ ọ̀gá ni wọ́n ń gbé lọ sọ́nà jíjìn. Mo bi bàbá rẹ léèrè ohun tí o lè ti ṣe sí wọn. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu rẹ, pé ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbàdúrà kí lẹ́tà rẹ kejì tó dé, tí o ṣàlàyé pé ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ lọ, pé ẹ̀kọ́ ọdún méjì péré ló wà níbi tí o wà, pé ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà gbọ́dọ̀ ti ibẹ̀ bọ́ sí ti ńlá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé o kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà lo fi àwòrán èsì rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù, mo sì gbé e lọ bá Bàbá Sítáǹpù, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ wa, kó bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Mẹ́ta ni wọ́n kọ, tóótó kan bí imí eṣinṣin tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà mẹ́sàn-án. Nígbà tiwa, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gba máàkì lé lórí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá sì gba mẹ́ta, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà relé. Mo ká ìwé náà, mo tì í sínú àyà, mo gba ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Sítáǹpù gun kẹ̀kẹ́ lé mi bá torí mo gbàgbé ìborí mi sórí tábìlì rẹ̀, ó rí omi lójú mi, ó ní ta ló kú. Mo fi ìwé hàn án. Ó ní àní mẹ́rin ni òkè pátápátá, pé kò sí ẹni tó ń gba márùn-ún, kódà ẹni tó kọ ìwé tí wọ́n ń kà. Mo so ìborí mi, mo yí padà sójú títì, mo sì rìn jẹ́jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè rí mi.

A ló kún ojú ìwé náà, B kan wà níbẹ̀ tí o ti kọ̀wé bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ kí n má bínú sí, àti W méjì. W yìí tún dẹ́rù bà mí, torí mo fi ìka ka lẹ́tà láti orí A, mo rí i pé ẹyọ kan péré ló kù lẹ́yìn rẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó tán. Bàbá Sítáǹpù ní kì í ṣe máàkì, ó ní ó túmọ̀ sí pé ìwọ fúnra rẹ lo yọwọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà kó tó parí. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ mi nìyẹn, ó ti rí i pé àga kò kárí, ó dìde kí ẹlòmíràn lè jókòó. Mo sọ èyí fún oníbàárà tó tó mẹ́fà.

Lẹ́tà rẹ tó dé lẹ́yìn ìyẹn ló mú kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. O ní yunifásítì náà kò gbà ọ́. O ní wọ́n gba onígíláàsì, ẹni tí B àti C kún ìwé rẹ̀, torí pé ó ti ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ìṣáájú tí wọ́n ní kéèyàn parí kó tó wọlé, pé ìwọ ku ẹyọ kan ṣoṣo, ìṣirò. O bi mí bóyá ó dáa kí wọ́n fi ẹni tó mọ̀wé sílẹ̀, kí wọ́n mú ẹni tó kàn ṣe gbogbo rẹ̀ tán. O ní bí wọn ò bá yí ọkàn padà kí wọ́n tó ti ìwé orúkọ, wàá pa ẹ̀kọ́ tì, wàá wá bá mi jókòó sídìí máṣíìnì. Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o wà nítòsí mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí.

Ni mo bá mú ìwé àti bíírò. Ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ̀bẹ̀ ni. Mo kí wọn, mo kí ọkọ wọn àti ìyàwó wọn, mo ṣàdúrà fún òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ wọn kó má jò. Mo sọ fún wọn pé o kì í purọ́, pé mẹ́rin ni òkè, o sì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ kan òrùlé. Ká ní mo dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo ṣí ojú ìwé kejì, ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ náà gan-an ló wá sí mi lọ́wọ́.

O mọ̀ pé mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ìgbésẹ̀ àwọn ọmọṣẹ́ mi sí. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ni, láti orí fífi òwú bọ abẹ́rẹ́ dé orí gígé aṣọ, èyí tí ọmọṣẹ́ bá sì mọ̀ ni mo ń fàmì sí. Àwọn obìnrin méjì ló wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Ìyàwó Awakọ̀ ni ọ̀kan, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, tí ojú bọ́tìnì tó bá ṣe máa ń dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ti kọ́. Ìkejì ni mo fi ń jẹ́ Ọwọ́ Wúrà. Bí ó bá ṣẹ́ etí aṣọ, o ò ní rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Àwọn oníbàárà máa ń wá béèrè rẹ̀, èmi náà sì máa ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn wò ó. Ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án ló ní àmì, ti gígé ni kò ní, torí nígbàkígbà tí mo bá ní kó wá fi ìwé ìròyìn kọ́ bí a ṣe ń gé aṣọ, á rẹ́rìn-ín, á ní òun ṣì ní etí aṣọ tí òun fẹ́ ṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ọkùnrin kan gbé aṣọ wá kí n fi rán kóòtù fún òun. Ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mo wo àwọn méjèèjì, mo ní kí Ọwọ́ Wúrà gé e, torí iṣẹ́ rẹ̀ ló dára jù. Kò sọ fún mi pé òun ò mọ̀ ọ́n gé, ojú ń tì í. Ó gé e, ó sì jókòó, ó rán an pẹ̀lú gbogbo ẹwà tí Ọlọ́run fi sí i lọ́wọ́. Nígbà tí mo dìde lọ́jọ́ kejì, mo gbé kóòtù náà sókè, mo rí i pé apá òsì méjì ló ní. Ọmọ mi, mi ò rí ìránṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí lára apá òsì méjì. Ìyàwó Awakọ̀ ló tú u, tó wá aṣọ tó ṣẹ́kù, tó gé apá ọ̀tún tuntun, tó fi àbùlẹ̀ bò ó lábẹ́ abíyá níbi tí ojú kò lè dé. Ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lọ, ó rí iṣẹ́ náà gbà, kò sì mọ nǹkankan títí dòní.

Gbogbo èyí ni mo kọ sí wọn láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Mo ní, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jàre. Mo ní bí ẹ bá gba ọmọ mi wọlé báyìí nítorí pé máàkì rẹ̀ dára, yóò rán apá òsì méjì fún yín, aṣọ sì ṣeé tú, oògùn tó ti wọ ikùn èèyàn kò ṣeé tú. Mo ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹ gbà, ibi tó bá ti rìn wọ́ ni ẹ ó máa bá a tọ́, ṣùgbọ́n ó ti rìn ín. Ibi tí mo parí rẹ̀ sí ni pé mi ò lé Ọwọ́ Wúrà lọ sílé. Àga rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà, mo kàn fún un ní àlùmọ́gàjí àti ìwé ìròyìn ọdún kan gbáko ni. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má gba àga ọmọ mi kí ó tó fi ìwé ìròyìn kọ́ ọ. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sísàlẹ̀, mo fi èsì rẹ há a láàárín, mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tí bàbá rẹ gbọ́ ohun tí mo kọ, ó di orí mú. Ó ní ẹni tí a ní kó lọ bẹ adájọ́ ló lọ jẹ́rìí gbe ọlọ́pàá. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo sáré lọ bá Bàbá Sítáǹpù kó bá mi mú lẹ́tà náà padà, ó ní ọkọ̀ ti gbé e lọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti rí ìwé mi gbà, àwọn á dá mi lóhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, wọ́n sì ní kí n má fèsì. Inú mi dùn sí irú ìwà yìí, ẹni tó ṣoore tí kò fẹ́ ọpẹ́. Ṣùgbọ́n yinni yinni kẹ́ni lè ṣèmíì, mo bá fèsì, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́ ní alẹ́, mo tún dúpẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Wọ́n dákẹ́ jẹ́jẹ́. Onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni wọ́n. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá náà. Ọjọ́ tí oníbàárà bá wá ni mo kà sí ọjọ́ iṣẹ́, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá wá, mi ò kà á. Ó ku mẹ́rin lọ́wọ́ mi nígbà tí obìnrin kan pè láti ọ́fíìsì wọn. Mo sọ fún un pé wọ́n ti yára jù, pé kí wọ́n má fi tèmi pa ara wọn.

Mo dìde dúró lórí fóònù, torí èèyàn kì í jókòó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà ní ohùn tútù. Ó ní àwọn márùn-ún ló máa ń jókòó yí tábìlì ká, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láàárín ara wọn. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń sọ pé máàkì ni kí wọ́n wò, torí máàkì ló ń sọ bí orí èèyàn ṣe pé tó. Olùkọ́ obìnrin kan tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń po oògùn máa ń dá a lóhùn pé ẹni tí kò bá ti ṣe ìṣirò ìṣáájú yóò jókòó síwájú òun bí àlejò, bó ti wù kórí rẹ̀ pé tó, òun ò sì ní àyè láti dá gbogbo kíláàsì dúró nítorí ẹnì kan. Ó ní wọ́n ka lẹ́tà mi sókè. Ó ní nígbà tí wọ́n dé ibi apá òsì méjì, bàbá àgbàlagbà náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n dé ibi àga, ó ní kí wọ́n tún un kà.

Ohun tí wọ́n sọ ni pé wọ́n ti fi àga kan pamọ́ fún ọ. Kí o ṣe ìṣirò náà ní àsìkò ìsinmi, níbi tí o wà yẹn, kí o yege, kí o mú ẹ̀rí rẹ̀ wá, kí o wọlé pẹ̀lú àwọn yòókù. Lẹ́tà tiwọn fúnra wọn yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Mo kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rí mi, ṣùgbọ́n fóònù náà rí mi.

Mo wá bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní yíyege. Ó ní C ti tó. Mo ní rárá o, ìyáàfin, ọmọ mi kì í gbé C. Lẹ́yìn náà ló bi mí, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń tú aṣọ tí kò fẹ́ kó ya, bóyá mo mọ ìdí W méjì tó wà nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́. Mo sọ ti àga tí kò kárí fún un. Ó ní rárá, Ìyá, ìṣirò yìí náà ni méjèèjì. Ó ní olùkọ́ ìṣirò rẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó fi gbè ọ́ lẹ́yìn pé ẹ̀ẹ̀mejì lo forúkọ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lo yọwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. O kò kùnà. C lo ń gbà, ó bẹ̀ ọ́ kí o dúró parí rẹ̀, o ní o ò lè gbé e délé.

Ọmọ mi, ilé wo? Ilé wa ni. Ọ̀dọ̀ mi ni.

Mo gbójú sókè, mo rí ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo èsì rẹ láti kékeré ló wà níbẹ̀ tí mo fi abẹ́rẹ́ kàn mọ́ ọn, oníbàárà kan kì í wọlé kí n má fi hàn án kí n tó wọn ọrùn rẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo fi ń ṣe é, ìfẹ́ náà sì ni. Ṣùgbọ́n mo wá rántí ọjọ́ tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí máàkì rẹ kò dára nínú ẹ̀kọ́ kan, tí o dúró nínú òjò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù títí gbogbo oníbàárà fi lọ kí o tó wọlé. Ọdún mélòó ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú tì mí. Ìyàwó Awakọ̀ ní kí ló dé, mo ní eruku ló wọ̀ mí lójú. Ó yé mi nígbà náà pé èmi ni mo yin Ọwọ́ Wúrà títí kò fi lè jẹ́ kí n rí ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Má bínú sí mi. Ìyá rẹ kò mọ̀.

Mo ti tú àwọn ìwé náà kúrò lára ògiri. Mi ò sọ ọ̀kan nù, mo kó wọn sínú àpótí bàbá rẹ, kàlẹ́ńdà ló wà lára ògiri báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin ọ́fíìsì náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ìṣirò rẹ tó bẹ̀ ọ́ kí o dúró, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà, torí mo mọ̀ pé kò rọrùn láti jẹ́ ọmọ tí gbogbo oníbàárà mọ máàkì rẹ̀. Bá mi kí onígíláàsì. Bẹ̀ ẹ́ kó jókòó tì ọ́, kó kọ́ ọ ní ìṣirò náà. Ẹni tó ti fẹsẹ̀ rin ibẹ̀ tó sì fara gba C níbẹ̀ ló mọ ibi tí ọ̀nà ti ń yọ̀. Má ṣe fi máàkì rẹ wò ó mọ́.

Ibi tí mo máa ń béèrè owó la dé yìí. Lóṣù yìí, má fi nǹkankan ránṣẹ́ sílé, fi san owó ẹ̀kọ́ ìsinmi náà. Bí ó bá ṣẹ́kù, ra káàdì fóònù díẹ̀ fún mi, torí ọpẹ́ tí mo fi ń ránṣẹ́ sí àwọn tó ní kí n má fèsì ti jẹ èyí tó wà níbẹ̀ tán, mi ò sì tíì dúpẹ́ dé ìdajì. Bàbá rẹ ní kí n sọ pé òun nílò bàtà, mo ti sọ ọ́, má dá a lóhùn.

Ọlọ́run yóò dúró tì ọ́ nínú ìjókòó, yóò dúró tì ọ́ nínú ìdánwò. Ọjọ́ tí nọ́ńbà bá dojú rú mọ́ ọ lójú, yóò rán ẹni tí yóò fi sùúrù tò ó fún ọ. Mo sì gbàdúrà pé kí o gba C. Mo gbà á sókè lówùúrọ̀ yìí lórí orókún mi. Bàbá rẹ ní òun ò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, ó ní kí n tún un sọ kó dá òun lójú, mo tún un sọ, ó sì ṣe àmín. Bí A bá wá, a ò ní lé e síta, ṣùgbọ́n C ni mo tọrọ, C ni mo ń retí, òun ni mo fẹ́ fi kí ọ káàbọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kẹfà bá dé, ọmọ mi, kí ó le bó ti wù kó le, jókòó. Má yọwọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Aránṣọ.